Dátábéèsì ti wà nílẹ̀: ṣé irinṣẹ́ lè bá mi kọ class ORM rẹ̀?

Ìbéèrè: Wọ́n gbé iṣẹ́ kan lé mi lọ́wọ́. Dátábéèsì PostgreSQL kan ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, àtẹ (table) inú rẹ̀ lé ní 100, àwọn tó ṣe é ti kúrò níbi iṣẹ́, wọn kò sì fi ìwé àlàyé kankan sílẹ̀. Python ni mo fẹ́ fi kọ áàpù tuntun tí yóò máa lò ó. Ṣé kí n jókòó máa fi ọwọ́ kọ class ORM (ìyẹn kóòdù tó ń ṣojú àtẹ, tí ìlà rẹ̀ ń di object) fún àtẹ kọ̀ọ̀kan ni, àbí ọ̀nà wà tí irinṣẹ́ kan lè gbà bá mi kọ ọ́? Bí ó bá kọ ọ́, ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé e? Báwo ni mo ṣe máa ṣe é bí àtẹ bá yí padà lọ́la?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kọ ọ́. Iṣẹ́ tí yóò gba ọjọ́ púpọ̀ lọ́wọ́ yín, aṣẹ kan ṣoṣo ni yóò ṣe é kí ẹ tó dìde lórí àga, kò sì ní ṣi orúkọ òpó (column) kankan kọ. Ẹni tó bá ń fi ọwọ́ kọ class fún 100 àtẹ yóò gbàgbé òpó kan níbì kan, yóò sì pe òpó tó lè ṣófo ní èyí tí kò gbọdọ̀ ṣófo. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ máa ń fara pamọ́ títí áàpù yóò fi dé ọwọ́ àwọn tó ń lò ó.

Bóyá ẹ lè gbẹ́kẹ̀ lé e ni mo fẹ́ dúró lé lórí jù, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Àwọn irinṣẹ́ wọ̀nyí kì í ronú. Ohun tí dátábéèsì bá kéde nípa ara rẹ̀ ni wọ́n ń kà, òun náà ni wọ́n sì ń kọ sílẹ̀. Bí dátábéèsì bá dákẹ́ lórí ohun pàtàkì kan, class tó bá ti inú rẹ̀ jáde yóò dákẹ́ bákan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ class tó dára, inú dátábéèsì ni kó ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe, kó tó kan kóòdù.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tí wọ́n ti ń kà á. Dátábéèsì kọ̀ọ̀kan ní àwọn àtẹ àrà ọ̀tọ̀ tó fi ń ṣe àkọsílẹ̀ àwọn àtẹ yòókù. Ní PostgreSQL, pg_catalog ni. Ó tún ní information_schema, tó wà nínú ìlànà SQL láti 1992, tí MySQL àti SQL Server náà ń lò. Oracle ní ALL_TAB_COLUMNS àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, SQLite sì ń dáhùn sí PRAGMA table_info àti PRAGMA foreign_key_list. Ẹ lè bi í fúnra yín:

SELECT column_name, data_type, is_nullable
FROM information_schema.columns
WHERE table_name = 'orders';

Irú ìdáhùn báyìí ni irinṣẹ́ máa ń kó jọ: orúkọ òpó, irú dátà tó wà níbẹ̀, bóyá ó lè ṣófo, èwo ni primary key (òpó tó ya ìlà kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀), foreign key (òpó tó tọ́ka sí ìlà inú àtẹ mìíràn) wo ló tọ́ka sí àtẹ wo, àwọn unique àti check (òfin lórí ohun tí òpó lè gbà), àti àlàyé tí ẹnikẹ́ni bá kọ mọ́ òpó náà. Ohun tí dátábéèsì kéde nìkan ni ó ń rí. Kò mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ṣe àtẹ náà.

Bí ẹ bá ń lo SQLAlchemy (ORM kan fún Python), sqlacodegen ni mo máa ní kí ẹ gbé. Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyí:

pip install sqlacodegen psycopg
sqlacodegen postgresql+psycopg://orúkọ:password@localhost/dátábéèsì --outfile models.py

Ẹ ó rí class fún àtẹ kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú Mapped àti mapped_column ní ọ̀nà tí SQLAlchemy 2.0 ń gbà kọ ọ́, àti relationship láàárín àwọn tí foreign key so pọ̀. Ó gbọ́n díẹ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò lọ. Bí àtẹ kan kò bá ní òpó mìíràn ju àwọn tó wà nínú foreign key méjì lọ, ó mọ̀ pé àtẹ ìsopọ̀ lásán ni, kì í kọ class fún un. Yóò so àwọn class méjèèjì pọ̀ tààrà. Bí check kan bá sọ pé òpó kan kò gbọdọ̀ ní ju àwọn ọ̀rọ̀ kan pàtó lọ, ó lè sọ ọ́ di Enum. Bí ẹ bá fẹ́ dataclass tàbí SQLModel dípò class lásán, ẹ fi --generator dataclasses tàbí --generator sqlmodels kún un. Ohun kan tó yẹ kí ẹ ṣọ́ nínú ọgbọ́n rẹ̀ yìí: nígbà tí primary key àtẹ kan bá jẹ́ foreign key sí àtẹ mìíràn, ó lè gbà pé ọmọ ni àtẹ yẹn jẹ́ fún èkejì, kó sì kọ ọ́ bí ìjogún láàárín class. Nígbà míì òótọ́ ni. Nígbà míì, àtẹ àfikún lásán ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ nínú tiyín, --options nojoined yóò dá a dúró.

SQLAlchemy fúnra rẹ̀ tún ní automap, tó ń ka dátábéèsì nígbà tí áàpù bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, láìkọ fáìlì kankan. Ó dára fún ìwádìí kékeré àti fún script tí ẹ fẹ́ lò lẹ́ẹ̀kan. Fún áàpù tí èèyàn máa tọ́jú fún ọdún púpọ̀, mi ò fẹ́ ẹ. Kò sí class tí ojú lè rí, editor yín kò lè ràn yín lọ́wọ́ láti parí orúkọ òpó, bí àtẹ bá sì yí padà lálẹ́, áàpù náà yí padà pẹ̀lú rẹ̀ láìsí àkọsílẹ̀ nínú git (irinṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn kóòdù). Fáìlì tí èèyàn lè kà, tí ó sì lè fi wé ti àná, ni ààbò.

Bó bá jẹ́ Django (ohun èlò Python fún áàpù wẹ́ẹ̀bù, tó ní ORM tirẹ̀) lẹ yàn, irinṣẹ́ náà ti wà nínú rẹ̀:

python manage.py inspectdb > models.py

Ẹ ka ọ̀rọ̀ tí Django kọ sókè fáìlì náà, torí ó sọ òtítọ́ pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ó máa ń fi managed = False sí class kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni pé Django kò ní dá àtẹ náà sílẹ̀, kò ní yí i padà, kò sì ní pa á rẹ́. Ó máa ń fi on_delete=models.DO_NOTHING sí gbogbo foreign key. Ẹ̀yin lẹ máa pinnu èyí tó yẹ. Bí ó bá pàdé irú dátà tí kò mọ̀, yóò pè é ní TextField, yóò sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "This field type is a guess." Ẹ wá gbólóhùn yẹn jákèjádò fáìlì náà, kí ẹ sì yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí orúkọ òpó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tí Python ti gbà fún ara rẹ̀, bíi class tàbí pass, yóò fi _field kún un, yóò sì fi orúkọ gidi sínú db_column.

Àwọn tó ń lo èdè mìíràn náà ní tiwọn: dotnet ef dbcontext scaffold wà fún Entity Framework Core, npx prisma db pull wà fún Prisma, Hibernate Tools sì wà fún Java. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ láti ibí yìí lọ kan gbogbo wọn.

Foreign key ni ẹ máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àwọn dátábéèsì tó ti dàgbà pọ̀ tí òpó wà nínú wọn tó ń jẹ́ customer_id, tí gbogbo èèyàn mọ̀ pé àtẹ customers ló tọ́ka sí, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni kò kéde rẹ̀ ní foreign key rí. Áàpù àtijọ́ ló ń so wọ́n pọ̀ nínú kóòdù tirẹ̀. Ní MySQL, MyISAM máa ń gba ìkéde foreign key láìwí nǹkan kan, kì í sì í tọ́jú rẹ̀; àtẹ tó bá ti ibẹ̀ wá kò ní ìsopọ̀ kankan tí irinṣẹ́ lè rí. Nínú class yín, customer_id yóò jẹ́ nọ́ńbà lásán, kò ní sí order.customer, ẹ ó sì máa fi ọwọ́ kọ join (ìbéèrè tó ń so àtẹ méjì pọ̀) kiri. Ẹ ka orúkọ gbogbo òpó tó parí sí _id, kí ẹ fi wọ́n wé àkójọ foreign key tó wà, kí ẹ sì kọ àwọn tó kù sílẹ̀. Ní iye àtẹ tí ẹ sọ yìí, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni, kò sì sí ọjọ́ tí ẹ lè lò dáadáa jù ú lọ.

Kí ẹ tó kéde foreign key, ẹ wo bóyá àwọn ìlà kan wà tó ń tọ́ka sí ohun tí kò sí mọ́:

SELECT o.id, o.customer_id
FROM orders o
LEFT JOIN customers c ON c.id = o.customer_id
WHERE o.customer_id IS NOT NULL AND c.id IS NULL;

Bí ìdáhùn bá ṣófo, ìròyìn ayọ̀ ni. Bí kò bá ṣófo, ẹ gbé e lọ bá àwọn tó ni dátà náà, torí kì í ṣe ẹni tó ń kọ kóòdù ló yẹ kó dá pinnu bóyá kí wọ́n pa ìlà wọ̀nyẹn rẹ́. PostgreSQL gbà yín láàyè láti ṣe é ní ìpele méjì, kí iṣẹ́ má baà dúró lórí àtẹ ńlá:

ALTER TABLE orders ADD CONSTRAINT orders_customer_fk
FOREIGN KEY (customer_id) REFERENCES customers (id) NOT VALID;

ALTER TABLE orders VALIDATE CONSTRAINT orders_customer_fk;

Ti àkọ́kọ́ ń dáàbò bo àwọn ìlà tuntun lójú ẹsẹ̀. Ti kejì ń yẹ àwọn ti àtijọ́ wò nígbà tí ẹ bá ṣe tán. Ẹ rántí pé PostgreSQL kì í dá index (atọ́ka tó ń mú kí ìwádìí yá) sílẹ̀ fún òpó tó ń tọ́ka náà fúnra rẹ̀, kò dà bí InnoDB ti MySQL tó máa ń ṣe é. Ẹ fi ọwọ́ yín ṣe é.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n má fún yín ní àṣẹ láti fọwọ́ kan dátábéèsì gidi. Ọ̀nà àbáyọ wà, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ẹ fi pg_dump --schema-only gba àwòrán àtẹ láìgba dátà kankan, ẹ gbé e sórí PostgreSQL tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ kéde gbogbo foreign key tó sọnù níbẹ̀, kí ẹ wá ní kí sqlacodegen ka ẹ̀dà yìí. Class yín yóò ní gbogbo ìsopọ̀, yóò sì ṣiṣẹ́ pẹ̀lú dátábéèsì gidi, torí ORM kò béèrè pé kí foreign key wà níbẹ̀ kó tó lè kọ join. Ẹ tọ́jú fáìlì SQL tí ẹ fi kéde wọn sínú git, ẹ ó tún lò ó. Ẹ kàn máa rántí pé dátábéèsì gidi kò tíì ní ààbò yẹn, nítorí náà order.customer lè jẹ́ None lójijì bó tilẹ̀ jẹ́ pé customer_id ní nọ́ńbà nínú.

Àtẹ tí kò ní primary key jẹ́ ìṣòro mìíràn. ORM gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ya ìlà kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, automap yóò fo àtẹ náà, sqlacodegen yóò kọ ọ́ bí Table lásán dípò class, Django yóò sì gbà pé òpó kan wà tó ń jẹ́ id, ìbéèrè àkọ́kọ́ yín yóò sì kùnà pé kò sí òpó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á máa sọ fún yín pé irinṣẹ́ náà "gbàgbé" àtẹ kan. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á nìyí. Ohun kejì tó máa ń fà á ni pé àtẹ náà wà nínú schema (ẹgbẹ́ àtẹ) tí kì í ṣe public. Aṣẹ --schemas ni ẹ máa fi sọ fún sqlacodegen. Ní ti primary key tó jẹ́ òpó méjì tàbí mẹ́ta pa pọ̀, SQLAlchemy ti gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Django kò gbà á títí di ẹ̀dà 5.2 ní 2025, nítorí náà bí irú àtẹ bẹ́ẹ̀ bá pọ̀ nínú tiyín, ó tó ìdí láti yan SQLAlchemy.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìtumọ̀ dátà. Irinṣẹ́ mọ̀ pé òpó status jẹ́ integer. Kò mọ̀ pé 0 túmọ̀ sí pé wọn kò tíì sanwó, pé 3 sì túmọ̀ sí pé wọ́n ti fagi lé e. Kò mọ̀ pé ìlà tí deleted_at rẹ̀ bá ní ọjọ́ nínú ti kú, pé kò yẹ kí ó jáde mọ́. Ó mọ̀ pé jsonb ni òpó kan. Kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó rí timestamp tí kò ní time zone, kò sì lè sọ aago ibo ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó rí owó tí wọ́n fi pamọ́ bí double precision, yóò sì fi float fún yín tọwọ́tọwọ́, bẹ́ẹ̀ numeric ló yẹ kí owó jẹ́, kí ìṣirò má baà máa yí díẹ̀díẹ̀. Inú kóòdù áàpù àtijọ́ ni ẹ ti máa rí ọ̀pọ̀ ìdáhùn wọ̀nyí. Bí ẹ bá ti rí wọn, ẹ má kọ wọ́n sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣí. Ẹ kọ wọ́n mọ́ dátábéèsì pẹ̀lú COMMENT ON COLUMN. sqlacodegen yóò gbé àlàyé náà wá sínú class, inspectdb náà ti ń gbé e wá láti Django 4.2, ẹni tó bá sì jókòó sórí àga yín lẹ́yìn yín kò ní béèrè ohun tí ẹ béèrè yìí.

Orúkọ kò le. Bí àtẹ bá ń jẹ́ tbl_cst_mst, ẹ pe class ní Customer, kí ẹ fi orúkọ àtijọ́ sí __tablename__ tàbí db_table. Òpó náà bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbi tí foreign key méjì láti inú àtẹ kan bá tọ́ka sí àtẹ kan náà, bíi created_by àti approved_by tí méjèèjì lọ sí users. Irinṣẹ́ yóò yà wọ́n sọ́tọ̀, àmọ́ orúkọ tó máa fún ìsopọ̀ wọn lè má jẹ́ kí ẹni tó ń kà á mọ èwo ni èwo. Ẹ fi ọwọ́ yín sọ ọ́.

Ó kan ìbéèrè yín tó kẹ́yìn. Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun nípa ìyípadà, ẹ dáhùn èyí: láti òní lọ, ta ló ni àwòrán àtẹ, dátábéèsì ni tàbí kóòdù yín? Ẹ má gbà kí ó jẹ́ méjèèjì.

Bí áàpù àtijọ́ bá ṣì ń ṣiṣẹ́, tí àwọn ẹlòmíràn ṣì ń yí àtẹ padà, dátábéèsì ló ni ín. Nígbà náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fáìlì tí irinṣẹ́ kọ. Ẹ fi í sí àyè tirẹ̀, kí ẹ kọ method àti òfin tiyín sínú fáìlì mìíràn, bóyá bí function tó ń gba object náà tàbí bí mixin tí script kan ń fi kún un. Bí àtẹ bá yí padà, ẹ tún aṣẹ náà pa, yóò kọ fáìlì tuntun bo ti àtijọ́, git diff yóò sì fi ohun tó yí padà hàn yín ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè gbé e sínú CI (ẹ̀rọ tó ń dán kóòdù wò fúnra rẹ̀): kí ó máa tún fáìlì náà kọ lóròòru, kí git diff --exit-code sì kígbe bí nǹkan bá yàtọ̀. Ẹ ó ti mọ̀ pé òpó kan ti yí orúkọ padà kí àwọn tó ń lo áàpù tó mọ̀. Àwọn tó ń lo Django, ẹ mọ̀ pé managed = False ń dènà kíkọ́ àtẹ náà sínú dátábéèsì ìdánwò pẹ̀lú, nítorí náà ẹ ní láti fi fáìlì schema kọ́ ọ fúnra yín kí àwọn test yín tó lè ṣiṣẹ́.

Bí áàpù tuntun bá ń gba ipò ti àtijọ́ pátápátá, kóòdù ni yóò ni ín. Ẹ jẹ́ kí irinṣẹ́ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ tún un ṣe bí ẹ ṣe fẹ́, kí migration (fáìlì tó ń kọ ìyípadà àtẹ sílẹ̀) sì máa ṣe àkóso ìyókù. Ní Django, ẹ yọ managed = False, ẹ ṣe makemigrations, kí ẹ wá lo migrate --fake-initial kó má baà gbìyànjú láti tún àtẹ tó ti wà kọ́. Ní SQLAlchemy, Alembic ni irinṣẹ́ migration. Mo máa ń lo Alembic bí adájọ́ pẹ̀lú: ẹ ṣe alembic revision --autogenerate lòdì sí dátábéèsì gidi kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Bí class yín bá bá àtẹ mu, fáìlì tó máa jáde yóò ṣófo, ẹ ó sì fi alembic stamp head sàmì sí i pé ibi tí a bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ohunkóhun tó bá kọ síbẹ̀ jẹ́ ìyàtọ̀ tí ẹ kò tíì yanjú.

Ní ti ibi tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ má kó gbogbo àtẹ wọlé ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Áàpù tuntun kì í sábà lò ju díẹ̀ lọ nínú wọn. Ẹ fi --tables dárúkọ àwọn tí ẹ nílò, ẹ tọ́jú ìwọ̀nyẹn dáadáa, kí ẹ máa fi ìyókù kún un bí iṣẹ́ bá ṣe ń béèrè. Ẹ jọ̀wọ́, bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀ tí ẹ sì ń lo Alembic, ẹ kọ include_name sínú env.py, kí ó má wo àwọn àtẹ tí ẹ kò tíì kó wọlé. Láìsí èyí, Alembic yóò rí àtẹ tó wà nínú dátábéèsì tí kò sí nínú kóòdù yín, yóò gbà pé ẹ ti pa á tì, yóò sì kọ drop_table sílẹ̀ fún un. Ẹ ka fáìlì migration kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó ṣe alembic upgrade.